Obìnrin Tó Ń Fọ Oúnjẹ

Ohun tí Onífíríìjì kọ́kọ́ rí nígbà tó wọ kíṣìnì yẹn nìyí: obìnrin kan dúró níwájú ẹ̀rọ omi, ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ dé ìgúnpá, ó ń fọ oúnjẹ.

Kì í ṣe abọ́ o. Oúnjẹ gan-an ló ń fọ̀. Núdù funfun tẹ́ẹ́rẹ́, tí èéfín ṣì ń rú lára rẹ̀, ló dà sínú asẹ́, ló ṣí omi lé e lórí, ló wá ń fi ọwọ́ méjèèjì gbo ó rọra bí ẹni tó ń fọ aṣọ ọmọ tuntun. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ gba ojú fèrèsé wọlé, ó bà lé ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, níbi tí òógùn ti so wíńníwínní bí ìlẹ̀kẹ̀. Onífíríìjì gbàgbé pé àpótí irinṣẹ́ wà lọ́wọ́ òun. Kò mọ èyí tí ì bá kọ́kọ́ yà á lẹ́nu, ẹwà obìnrin yìí ni àbí ohun tó ń ṣe.

"Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá," ni obìnrin náà wí láìbojú wẹ̀yìn. "Fíríìjì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ó ń kùn o, àmọ́ kò tutù."

"Ẹ kú iṣẹ́, àǹtí." Ó wúkọ́ díẹ̀. "Ẹ má bínú o. Ṣé ó jábọ́ sílẹ̀ ni?"

"Kí ló jábọ́?"

"Oúnjẹ tí ẹ ń fọ̀ yẹn."

Obìnrin náà yíjú padà, ó wò ó, ẹ̀rín sì gba ẹnu rẹ̀ kí ó tó lè dá a dúró. "Kò jábọ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn."

"Wọ́n á sè é tán, wọ́n á wá fọ̀ ọ́?"

"Wọ́n á sè é, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á tún kó omi dídì lé e lórí. Ìyẹn bí fíríìjì bá gbà fún wọn. Ìdí tí mo fi pè yín nìyẹn."

Onífíríìjì mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà yé. Kò yé e rárá.

Ilé ìfọṣọ ńlá kan ni obìnrin yìí ti ń ṣiṣẹ́. Ìdí áyọ́ọ̀nù ló ń dúró sí láti àárọ̀ títí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, tó ń lọ aṣọ ibùsùn ilé ìwòsàn, tó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì àwọn òṣìṣẹ́ báńkì, débi pé Aláyọ́ọ̀nù ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ooru ibẹ̀ a máa bá a délé. Ó lè wẹ̀ kó tún wẹ̀, oúnjẹ gbígbóná kò ní gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kọjá. Obìnrin ará Japan kan tó máa ń kó aṣọ wá síbẹ̀ ló ṣàánú rẹ̀, tó kọ́ ọ ní núdù tútù yìí. Wọn ò gbọ́ èdè ara wọn, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi sọ gbogbo rẹ̀. Obìnrin náà da afẹ́fẹ́ sínú ìkòkò tí kò sí níbẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó gbọn omi rẹ̀ nù, ó fi ìka gé ẹ̀fọ́ wẹ́wẹ́, ó di ojú, ó gbọ̀n rìrì bí ẹni òtútù mú, ó wá rẹ́rìn-ín. Gbogbo rẹ̀ yé Aláyọ́ọ̀nù. Gbígbọ̀n yẹn nìkan ni kò dá a lójú títí dòní, bóyá ó wà lára bí wọ́n ṣe ń sè é.

Onífíríìjì ní ọ̀nà tirẹ̀ láti ṣiṣẹ́. Kì í gba ọ̀rọ̀ gbọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ. Yóò bu omi sínú kọ́ọ̀pù, yóò gbé e sínú fíríìjì, yóò fa àga, yóò jókòó tì í. Lẹ́yìn náà, yóò fi ìka kan omi náà lóòrèkóòrè, bí ìyá tó ń wo ara ọmọ tí ibà mú. Àfìgbà tí omi bá sọ òótọ́ kó tó mú irinṣẹ́.

Lọ́jọ́ yẹn, omi náà tutù. Ó tún wò ó, ó tutù sí i. Ó fọ eruku ẹ̀yìn fíríìjì, ó fún nọ́ọ̀tì kan tí kò tú, ó sì dìde pẹ̀lú ojú ẹni tí wọ́n gbá létí tí kò mọ ẹni tó gbá a.

"Kò sóhun tó ṣe é," ló wí.

"Ọ̀gá, mo fi ọwọ́ ara mi kàn án nígbà tí mo dé. Omi ń kán nínú rẹ̀."

"Mo gbà. Àmọ́ kò sóhun tó ṣe é."

Ìyá Aláyọ́ọ̀nù, tí wọ́n jọ ń gbé, jókòó sí ẹnu ọ̀nà pálọ̀, ó ń wo gbogbo rẹ̀. Obìnrin àdúrà ni, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Bí kò bá ṣàdúrà, yóò máa ki nǹkan: yóò ki àga tó jókòó lé, yóò ki òjò, yóò ki ọmọ rẹ̀. Ó tẹ ọmọ rẹ̀ mọ́ra bó ṣe ń kọjá, ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀: "Ọkùnrin yìí ti ń wo kọ́ọ̀pù omi láti ìgbà tó ti dé. Ṣé ara rẹ̀ yá?"

Nígbà tí Onífíríìjì fẹ́ máa lọ, wọ́n gbé abọ́ kan fún un. Núdù náà ń dán. Kùkúńbà àti kárọ́ọ̀tì tí wọ́n gé bí òwú wà lórí rẹ̀, ẹyin tí wọ́n dín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n sì gé tẹ́ẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, wọ́n wọ́n yànmọ̀tí yíyan lé e. Omi ọbẹ̀ rẹ̀ dúdú, wọ́n fi omi ẹ̀wà sóyà, ọtí kíkan, ṣúgà àti ata ilẹ̀ ṣe é. Ó fi ṣíbí bù ú sẹ́nu. Ó tutù, ó kan, ó dùn, ó tún ta lábẹ́lẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ò mọ ibi tí yóò kọjú sí.

"Ṣé ó dùn?" ni Aláyọ́ọ̀nù bi í.

"Mi ò tí ì mọ̀," ló fèsì, ó sì bu òmíràn. "Ẹ jẹ́ kí n tún wò ó." Bó ṣe ń wò ó nìyẹn títí abọ́ fi ṣófo.

Lọ́jọ́ kejì, fíríìjì tún gbóná. Wọ́n tún pè é. Ó dé, ó bu omi, ó jókòó, omi tutù. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, bákan náà. Ó yí bọ́tìnnì, ó pààrọ̀ wáyà, ó tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì bí dókítà. Tó bá wà níbẹ̀, fíríìjì a dà bí áńgẹ́lì. Tó bá lọ, a dòdìkejì.

"Ó fẹ́ràn yín ni," ni Aláyọ́ọ̀nù wí. "Kò fẹ́ kẹ́ ẹ lọ."

"Fíríìjì nìkan?"

Aláyọ́ọ̀nù mú ọ̀bẹ, ó kọjú sí kùkúńbà. "Èwo ni tèmi níbẹ̀? Ẹ wá gé kárọ́ọ̀tì, ẹ yé jókòó lásán."

Bí ìrọ̀lẹ́ ṣe di ti àwọn méjèèjì nìyẹn. Bí omi bá ń tutù lọ́wọ́, wọ́n á jọ máa gé ẹ̀fọ́. Kárọ́ọ̀tì tirẹ̀ kọ́kọ́ ki bí igi ìdáná, Aláyọ́ọ̀nù sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi mọ̀ ọ́n gé. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń da ẹyin sínú páànù kó fẹ́lẹ́ bí aṣọ àwọ̀tẹ́lẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, "ẹ" di "o." Díẹ̀díẹ̀, "ọ̀gá" di "ìwọ ọkùnrin yìí," ó tún di "olówó omi tútù mi." Onífíríìjì náà a máa pè é ní "ìfẹ́ tó gbóná," Aláyọ́ọ̀nù a sì ju èèpo kùkúńbà lù ú.

Kò gba owó lọ́wọ́ wọn mọ́. Tó bá ń padà sílé, a máa rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà, nítorí ó ti rò ó títí, ó sì ti rí òpin rẹ̀: obìnrin yìí ló ń yọ iná fíríìjì kí òun lè máa wá. Kí ló tún kù? Ẹ̀rọ kì í dédé ya wèrè. Inú rẹ̀ dùn débi tí kò fi lè sùn dáadáa.

Níbi iṣẹ́, Aláyọ́ọ̀nù ń sọ ọ̀rọ̀ fíríìjì fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń lọ aṣọ, ẹni tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ náà gbé áyọ́ọ̀nù dúró.

"Ó ń ṣiṣẹ́ tó bá wà níbẹ̀, ó ń kú tó bá lọ?"

"Gẹ́lẹ́."

"Kò gbowó?"

"Kò gbà."

"Ọmọ ìyá mi, òun ló ń bà á jẹ́." Ẹlẹ́rìn-ín bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Ó tú nǹkan kan sílẹ̀ níbẹ̀ kẹ́ ẹ lè máa pè é ni. Ògbójú ọkùnrin! Jíjẹ àti mímu ló wá gbà nílé yín."

Aláyọ́ọ̀nù bá a rẹ́rìn-ín. Nínú lọ́hùn-ún, inú rẹ̀ dùn: ta ni ọkùnrin ti ba ẹ̀rọ jẹ́ nítorí rẹ̀ rí? Àmọ́ Ẹlẹ́rìn-ín gbé ẹ̀rín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ṣùgbọ́n rò ó o. Ẹni tó lè purọ́ fún ọ pẹ̀lú fíríìjì, kí ni kò ní fi purọ́ fún ọ tó o bá di ìyàwó rẹ̀?" Ọ̀rọ̀ yẹn bá a dé ìdí áyọ́ọ̀nù, ó bá a délé, kò sì mọ̀ bóyá inú òun ń dùn àbí ó ń bà jẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni Onífíríìjì yàn láti sọ̀rọ̀. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ nù.

"Ìfẹ́ mi, màá máa wá láìsí fíríìjì. Ìwọ ṣáà má bà á jẹ́ mọ́."

Aláyọ́ọ̀nù rò pé òun ò gbọ́ dáadáa. "Ta ni kó má bà á jẹ́?"

"Mo ti mọ̀ tipẹ́. Mi ò bínú. Ó tiẹ̀ dùn mọ́ mi."

"Èmi? Èmi ni mò ń ba fíríìjì ara mi jẹ́, kí n lè rí ọ?" Ojú rẹ̀ gbóná ju ojú áyọ́ọ̀nù lọ. "Ìwọ lò ń tú u! Gbogbo ayé ló mọ̀. Ìwọ lo kó ọgbọ́n wá sílé wa, tó o ń jókòó ti kọ́ọ̀pù bí ẹni mímọ́!"

"Èmi ni mò ń tú u?"

"Ta ni ìbá tún jẹ́? Ọwọ́ ta ló ń wọ inú rẹ̀?"

Onífíríìjì wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tó ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn. Látìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́ yìí, ẹnikẹ́ni ò tíì pe àwọn ọwọ́ yẹn ní ọwọ́ èké. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpótí, ó kí Ìyá pé ó dàárọ̀, ó sì jáde. Núdù tí wọ́n ti fọ̀ wà nínú asẹ́, kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá di ẹrù rẹ̀, ó lọ kí àbúrò rẹ̀ tó ń gbé lọ́nà jíjìn. Ìyẹn ló wá da ọ̀rọ̀ rú pátápátá, nítorí nígbà tí Aláyọ́ọ̀nù dé láti ibi iṣẹ́, fíríìjì tutù nini. Lọ́jọ́ kejì, ó tutù. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, omi dídì ń jáde níbẹ̀ bí òkúta.

"Mo sọ fún ọ!" ni Ẹlẹ́rìn-ín wí. "Ẹni tó ń bà á jẹ́ ti lọ, ara rẹ̀ ti yá."

Aláyọ́ọ̀nù padà sí aṣọ tó ń lọ̀. Ó ń jẹ núdù rẹ̀ lójoojúmọ́, ó tutù bó ṣe yẹ kó tutù, kò sì ládùn. Ó fi ṣúgà kún un. Ó fi ọtí kíkan kún un. Ó gbàdúrà sí Ọlọ́run pé kó jẹ́ kí òun kórìíra ọkùnrin yẹn dáadáa, kí ọkàn òun lè sinmi, àdúrà náà kò sì gbà. Ó ti rí ẹ̀rí tó fi mọ̀ pé òpùrọ́ ni ọkùnrin náà. Kí ló wá dé tí etí òun fi ń wá ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn?

Lẹ́yìn náà ni Ìyá dé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì tó dé, Aláyọ́ọ̀nù ṣí fíríìjì, ooru kọlù ú lójú. Omi ń kán.

Ó dúró síbẹ̀, ó di ilẹ̀kùn fíríìjì mú. Ọkùnrin náà ò wá. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan ẹ̀rọ yìí. Orí rẹ̀ yí i bí ẹni tó sùn lójú ọ̀nà tó jí tí kò mọ ìlú tó wà.

Bí Ọlọ́run yóò ṣe ṣe é, iná lọ nílé ìfọṣọ lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ máa lọ sílé kí ọ̀sán tó pọ́n. Aláyọ́ọ̀nù ṣílẹ̀kùn rọra nítorí ó rò pé Ìyá ń sùn. Ó gbọ́ ohùn rẹ̀ ní kíṣìnì.

"Sinmi, funfun báláú," ni Ìyá ń wí. "Arógangan-má-wó, akùn-bí-oyin-má-tani. Ìwọ tó ń tọ́jú ẹran kó má rùn, tó ń tọ́jú omi kó má lọ́ wọ́ọ́rọ́. O ò sùn lánàá, o ò sùn níjẹta. Sinmi, ọmọ mi." Ọwọ́ rẹ̀ kan wà lórí fíríìjì, ó ń fi í pa á lára. Pọ́lọ́ọ̀gì tó ti yọ lára ògiri wà ní ọwọ́ kejì.

"Ìyá, kí lẹ ń ṣe?"

Ìyá ò tiẹ̀ fò. "O ti dé? Mò ń fún un nísinmi ni."

"Ta ni?"

"Fíríìjì ńkọ́? Látìgbà tó o ti rà á ló ti ń kùn tọ̀sán tòru. Rédíò ń sinmi. Áyọ́ọ̀nù yín ń sinmi. Ọlọ́run tó dá ayé, ó sinmi. Kí ni ti ọmọ ọlọ́mọ yìí ṣe jẹ́?"

"Látìgbà wo lẹ ti ń ṣe é?"

"Láti ọjọ́ tó wọlé. Tó o bá ti jáde, màá pa á. Tó bá ku díẹ̀ kó o dé, màá tàn án padà." Ó wo ojú ọmọ rẹ̀. "Kí ló dé?"

Aláyọ́ọ̀nù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ìyá! Ọkùnrin yẹn ń wá, ó ń lọ, ó ń wá, ó ń lọ, ẹ sì ń wò wá!"

"Kí ni kí n sọ? Ọkùnrin tó jókòó níwájú fíríìjì tí kò bàjẹ́, ta ni kò mọ̀ pé ọmọ mi ló ń wò? Mo rò pé bí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ṣe ń fẹ́ra yín nìyẹn. Mo ní kí n má da ọ̀rọ̀ rú."

Aláyọ́ọ̀nù fi ọwọ́ bojú. Kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ló ń rín àbí ẹkún ló ń sun, ó sì dá a lójú pé Ìyá náà kò mọ̀.

Kò dúró jẹun. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù Onífíríìjì. Àwọn fíríìjì tó kú dúró yí i ká níbẹ̀, ilẹ̀kùn wọn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ọkùnrin náà wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́yìn ọ̀kan nínú wọn. Nígbà tó gbójú sókè, ó dìde.

"Ẹ káàbọ̀, àǹtí," ló wí.

"Ẹ" yẹn gún un bí abẹ́rẹ́. Síbẹ̀, ó dúró, ó sọ gbogbo rẹ̀: Ìyá, pọ́lọ́ọ̀gì, ìsinmi, oríkì. Onífíríìjì ń gbọ́, ẹnu rẹ̀ là. Nígbà tó dórí "Ọlọ́run tó dá ayé, ó sinmi," ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lórí àpótí. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín náà tán lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Kì í ṣe fíríìjì ló dùn mí," ló wí. "Ọwọ́ mi yìí lẹ wò, tẹ́ ẹ pè é ní ọwọ́ èké."

"Mo mọ̀. Mi ò ní àwáwí kankan. Mo wá bẹ̀ ọ́ ni."

"Èmi náà rò pé ẹ̀yin lẹ̀ ń bà á jẹ́."

"Ìwọ rò bẹ́ẹ̀, inú rẹ dùn sí mi. Èmi rò bẹ́ẹ̀, mo bú ọ." Ó nu ojú rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ inú tèmi náà kọ́kọ́ dùn o. Àfìgbà tí wọ́n sọ fún mi pé ó yẹ kí n bínú."

Onífíríìjì ń fi sukuduráfà lu orúnkún rẹ̀ jẹ́jẹ́. "Jẹ́ kí n rò ó," ló wí nígbẹ̀yìn. "Máa lọ sílé, ó ti rẹ̀ ọ́."

"Ó ti rẹ̀ ọ́." Kò sọ pé "ó ti rẹ̀ yín." Aláyọ́ọ̀nù gbé ọ̀rọ̀ kékeré yẹn lọ sílé bí ẹni gbé ẹyin.

Onífíríìjì wá lọ́jọ́ kan tí wọn ò retí rẹ̀, kí Aláyọ́ọ̀nù tó dé. Ìyá ló ṣílẹ̀kùn.

"A ò pe onífíríìjì o," ni Ìyá wí.

"Mo mọ̀, Màmá. Èmi ni mo wá."

Ìyá wò ó láti òkè délẹ̀. Kò gbé irinṣẹ́ dání. Kùkúńbà ló wà nínú ọ̀rá ọwọ́ rẹ̀. "Má bínú sí mi, ọmọ mi. Mo ṣe ohun tó dára lójú mi, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bà yín jẹ́. Ṣùgbọ́n màá bi ọ́ ní ìbéèrè kan. Ọmọ mi yìí, ó ń ṣiṣẹ́ bí ẹ̀rọ. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró. Mi ò fẹ́ fi í fún ọkọ tí yóò fi í sílẹ̀ ní títàn. Ìwọ ńkọ́, ṣé o máa ń sinmi?"

Onífíríìjì ronú. Ó fẹ́ sọ ohun tó dára, kò rí i. "Rárá o, Màmá," ló fèsì. "Àfi ìgbà tí mo bá wà nínú kíṣìnì yìí."

Ìyá yà kúrò lọ́nà fún un.

Nígbà tí Aláyọ́ọ̀nù wọlé, tí ooru iṣẹ́ ṣì wà lára rẹ̀, abọ́ núdù wà lórí tábìlì. Kárọ́ọ̀tì rẹ̀ kò dọ́gba, ẹyin rẹ̀ ti jóná létí kan. Onífíríìjì fa àga fún un. Ó bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Aláyọ́ọ̀nù jẹun, òtútù náà wọ inú rẹ̀ lọ títí, gbogbo ara rẹ̀ rọ̀. Kò sí ẹni tó béèrè bóyá ó dùn.

"Mo ti rò ó," ni ọkùnrin náà wí. "Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ nǹkan ni kò tíì yé mi. Mi ò mọ bí ìbínú mi ṣe tán, mi ò mọ ọjọ́ tó tán. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo fẹ́ fẹ́ ọ. Ṣé wàá gbà?"

Ohùn Ìyá gbé àdúrà sókè ní pálọ̀, pẹ̀lú "àmín" kíkankíkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó pè é sí ọ̀rọ̀ náà.

Aláyọ́ọ̀nù gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó dìde, ó wọ yàrá lọ. Onífíríìjì dúró síbẹ̀, kò mọ̀ bóyá òun tún ti ṣì í sọ. Obìnrin náà jáde, ó ṣí ọwọ́ ọkùnrin náà, ó fi kọ́kọ́rọ́ kan lé e.

Ó wo kọ́kọ́rọ́ náà, ó yí i padà, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. "Ṣé àgádágodo ló bàjẹ́ ni? Mi ò mọ̀ ọ́n tún ṣe o."

Aláyọ́ọ̀nù pa ìka rẹ̀ dé lórí kọ́kọ́rọ́ náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Kò bàjẹ́. Ilẹ̀kùn iwájú ni. Tí o bá ti dé lọ́la, má kànkùn."